Ọgbà Tí Wọ́n Fi Àfọ́kù Kọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1975, àṣírí kan tú nínú igbó ìjọba kan létí ìlú Chandigarh, ní àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọnú igbó náà, èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n bá níbẹ̀: àwọn obìnrin tó ru ìkòkò, àwọn onílù, àwọn oníjó, ọ̀bọ, ẹyẹ ọ̀kín, gbogbo wọn tò lọ rẹrẹ, ẹnì kankan ò sì mira. Ère ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ wọn, wọ́n rí i pé aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn ère náà, àfọ́kù ni. Àfọ́kù àwo tánganran, àfọ́kù ife tíì, àfọ́kù táìlì, àfọ́kù ẹ̀gbà ọwọ́ onígíláàsì. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà tó éékà 12. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti ń kọ́ gbogbo rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 18.

Orúkọ rẹ̀ ni Nek Chand. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Alábòójútó ọ̀nà ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan lára àwọn tó ń rí sí i pé wọ́n ṣe títì bó ṣe yẹ. Tó bá ti jáde níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó di inú igbó.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti rí àwọn fídíò kéékèèké lórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó sínú ife tó fọ́, tàbí tí wọ́n ń fi àfọ́kù àwo ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dùn-ún wò, mi ò sọ pé kò dùn-ún wò. Àmọ́ ìtàn ọgbà Nek Chand le ju ìyẹn lọ, torí nídìí àwọn àfọ́kù yẹn, ilé wà tí wọ́n wó.

Wọ́n bí Nek Chand ní ọdún 1924, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Barian Kalan. Lónìí, Pakistan ni abúlé náà wà. Kì í ṣe pé abúlé ṣí kúrò níbi tó wà o. Ní ọdún 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n fa ìlà sáàárín ilẹ̀ náà, wọ́n ní ìhín ni Íńdíà, ọ̀hún ni Pakistan. Àwọn Mùsùlùmí tó wà ní apá Íńdíà ń sá lọ sí Pakistan. Àwọn Híńdù àti àwọn Sikh tó wà ní apá Pakistan ń sá bọ̀ ní Íńdíà. Èèyàn tó fi ilé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10, àìmọye ló sì kú sójú ọ̀nà. Híńdù ni ìdílé Nek Chand, ni àwọn náà bá gbéra. Ẹrù téèyàn lè gbé nírú ìrìn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀: owó díẹ̀, aṣọ, ọmọ. Àwo tánganran tí ìyá tọ́jú de àlejò ò sí nínú ẹ̀.

Ìlà yẹn kan náà ló bí ìlú Chandigarh. Lahore ni olú-ìlú Punjab tẹ́lẹ̀, Lahore sì ti bọ́ sọ́wọ́ Pakistan, nítorí náà Punjab tó kù sí Íńdíà ò ní olú-ìlú mọ́. Jawaharlal Nehru, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, fẹ́ ìlú tuntun pátápátá, ìlú tí àwọn àṣà àtijọ́ ò ní de lọ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Le Corbusier, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Switzerland tó ti di ọmọ Faransé. Ó pín ìlú náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú ọpọ́n dírááfù. Àdúgbò ò ní orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún un: Sector 1, Sector 17, Sector 22. Ilé ìjọba, ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́, kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn. Àwọn tó gbọ́n nínú ìmọ̀ ilé kíkọ́ ṣì ń ti gbogbo ayé lọ wò ó títí dòní.

Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Abúlé tó lé ní 20 ni wọ́n kó kúrò kí ìlú tuntun lè rí àyè. Wọ́n wó ilé wọn, àwọn èèyàn náà sì kó ohun tí wọ́n lè kó lọ. Ohun tí wọn ò lè kó, tàbí tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó o, ló wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá látinú iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, torí kò sí bí mo ṣe lè ronú nípa àwọn abúlé yìí kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún má wá sí mi lọ́kàn. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwia ní nǹkan kan tí à ń pè ní garbage collection. Bí ètò kan bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó máa ń kó nǹkan pamọ́ síbi tó ń rántí nǹkan sí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á rìn yíká, á máa wo èwo nínú nǹkan wọ̀nyẹn ni nǹkan mìíràn ṣì ń tọ́ka sí. Èyí tí kò sí ohunkóhun tó ń tọ́ka sí mọ́, pàǹtí nìyẹn, á gbá a dànù. Ẹ kíyè sí i pé kì í wò ó bóyá nǹkan náà bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Ó lè dá ṣáṣá. Àìsí ẹni tó ń pè é ló sọ ọ́ di pàǹtí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò omi àti àwo oúnjẹ àwọn ará abúlé yẹn gan-an nìyí. Lánàá, ìkòkò ìyá lágbájá ni. Lónìí, wọ́n ti yọ abúlé kúrò lórí máàpù, kò sí lágbájá mọ́, ìkòkò di ìdọ̀tí tí katapílà ń tì.

Nek Chand, tí wọ́n ti lé kúrò ní abúlé tirẹ̀, ni ìjọba wá gbà síṣẹ́ ní Chandigarh ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwókù abúlé ẹlòmíì. Ní nǹkan bí ọdún 1957, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wọ́n. Òkúta ló kọ́kọ́ wù ú, àwọn òkúta tí omi odò ti fọ̀ títí tí wọ́n fi dà bí ènìyàn tàbí ẹranko. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ kó wọn bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè Shivalik. Lẹ́yìn náà ló kan àfọ́kù ilé. Ó mọ ibi tó fara sin nínú igbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Sukhna, ibẹ̀ ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ. Lóru, ó ń dáná sun táyà àlòkù kó lè ríran ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ máa ń pa ìtàn ọba àti ààfin fún un ní kékeré. Ìjọba inú ìtàn ló ní òun ń kọ́.

Bó ṣe ń ṣe ère kan nìyí. Á kọ́kọ́ wá nǹkan tó máa jẹ́ egungun rẹ̀, bíi irin kẹ̀kẹ́ tó ti kán tàbí wáyà. Á wá fi síméǹtì tó pò mọ́ iyanrìn ṣe ẹran ara lé e. Kí síméǹtì yẹn tó gbẹ, á máa tẹ àfọ́kù mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan. Ojú nìkan ni kì í sábà bò: síméǹtì tó dán ló máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, ojú méjì, imú, ẹnu. Ó ní ògiri tó jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tánganran ni gbogbo ẹ̀. Ó ní èyí tó fi àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó fọ́ kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó rẹwà.

Èyí tó máa ń mú mi dúró jù ni àwọn ère obìnrin tó wọ àfọ́kù ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ̀gbà gíláàsì wọ̀nyí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Íńdíà bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe pọ̀ lọ́rùn àwọn ìyá wa: pupa, ewé, búlúù, òféfèé tó ń kọ mànà. Ó rọrùn láti fọ́, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù, bí ọkọ bá kú, wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, kò sì ní wọ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ wá fojú inú wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àfọ́kù ẹ̀gbà tí ọkùnrin kan ṣà, tó tò wọ́n ní ìlà-ìlà títí wọ́n fi di ìró àti aṣọ ìbora fún odindi agbo obìnrin. Ẹni tó bá dàgbà ní Íńdíà ò lè rí ìyẹn kó má rántí nǹkan kan.

Nígbà tí àṣírí wá tú, ìjọba ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Bá a bá tẹ̀ lé òfin, wíwó ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló lọ gba ilẹ̀ ìjọba láìgbàṣẹ, ó sì kọ́ ìlú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Le Corbusier, láìsí pílánù kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti gbọ́, wọ́n ti ń rọ́ wá wò ó. Ní ọdún 1976, wọ́n ṣí ọgbà náà fún gbogbo èèyàn, wọ́n sọ ọ́ ní Rock Garden. Wọ́n yọ Nek Chand kúrò nídìí títì, wọ́n ní kó máa gba owó oṣù lórí ọgbà rẹ̀, wọ́n fún un ní òṣìṣẹ́ 50, wọ́n sì ṣètò ibi tí àwọn ará ìlú á ti máa kó àfọ́kù ilé wọn wá fún un. Ní 1983, àwòrán ọgbà náà jáde lórí sítáǹbù Íńdíà. Ní 1984, ìjọba fún un ní oyè Padma Shri.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ní ìlú Chartres ní Faransé, Raymond Isidore, tó ń gbálẹ̀ ní itẹ́ òkú, fi àfọ́kù àwo bo ilé àti ọgbà rẹ̀ látòkè délẹ̀ títí tó fi kú ní 1964. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú Chartres ló ni ilé náà lónìí, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ní Los Angeles, Simon Rodia, lébìrà tó wá láti Ítálì, kọ́ àwọn ilé ìṣọ́ Watts láàárín 1921 sí 1954, ó fi àfọ́kù àwo, ìgò àti ìkarahun bò wọ́n. Ìjọba ìlú ní kí wọ́n wó o, pé ó léwu. Ní 1959, wọ́n fi ẹ̀rọ tì í pẹ̀lú agbára tó tó kílò 4,500. Kò wó. Agbálẹ̀, lébìrà, alábòójútó ọ̀nà. Kì í ṣe àwọn tó ń ya máàpù ló ń ṣa àfọ́kù, àwọn tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Àbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbẹ̀ yẹn, torí nílẹ̀ tiwa, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ń rọ àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Àgbàlá ilé, iwájú ojúbọ, ojú ọ̀nà. Wọn ò kàn da àpáàdì sílẹ̀ o. Wọ́n ń gbé e dúró lórí etí ni, wọ́n á tò ó pẹ́kípẹ́kí, ìlà kan á dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á dà sósì, bí egungun ẹja. Láwọn ibì kan, wọ́n á fi òkúta wẹẹrẹ funfun la àárín rẹ̀ kọjá kó lè yọ. Láwọn ojúbọ míì, wọ́n rì ọrùn ìkòkò mọ́ àárín àpáàdì náà, kí ohun tí wọ́n bá tá sílẹ̀ lè rí ọ̀nà wọlẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀ láti orí òrùlé sí àgbàlá, ilẹ̀ ò ní di ẹrẹ̀. Ìṣirò tó wà nínú títò yẹn, ẹni tó bá ti to nǹkan rí nínú kóòdù á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó ṣèèṣì.

Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí pe obìnrin náà ní afẹ́ayé. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọba tó bá rí òkìtì ìkòkò tó fọ́ ní gbogbo ilé, tó ní kí wọ́n fi tẹ́ títì, olùṣètò ìlú ni mo máa pè é. Ní Ifẹ̀, àpáàdì ni pílánù ìlú. Ní Chandigarh, pílánù ìlú ló sọ ìkòkò olúkúlùkù di àpáàdì.

Ó sì tún wà nínú èdè wa. Ìkòkò tó bá fọ́ lọ́dọ̀ Yorùbá kì í kàn ṣe "ìkòkò tó fọ́". Orúkọ tuntun ló ń gbà, iṣẹ́ tuntun ló sì ń gbà pẹ̀lú ẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n fi ń lọ fọn iná nílé aládùúgbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé àpáàdì ló ń koná lójú. Nǹkan tó ní orúkọ, ẹnì kan ṣì ń tọ́ka sí i nìyẹn. Àwa ìran òde òní ńkọ́? Orí ògiri ilé la máa ń gún àfọ́kù ìgò tiwa mọ́, kó lè gé olè lọ́wọ́.

Ní 1957 tí Nek Chand ń ṣa àfọ́kù bọ̀ wá sínú igbó, àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀, kan ère idẹ. Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, wá wa ibẹ̀ dáadáa, ó sì bá ilẹ̀ alápàáàdì níbẹ̀. Peter Garlake náà bá a ní ilẹ̀ Ọbàlárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ère idẹ wọ mùsíọ́mù. Àpáàdì ò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, ibi tó wà ló gbọ́dọ̀ wà kó tó ní ìtumọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé àti gọ́tà sí. Ní àwọn àdúgbò kan nílùú Ifẹ̀, ọ̀gbàrá ti hó iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ọ̀kadà àti mọ́tò sì ń gorí ẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó máa ta á sí òkè òkun, kò sí ẹni tó máa bá òyìnbó jà nítorí ẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà. Èyí ló ń kọ mí lóminú nípa rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àwọn orí idẹ lọ.

Ọgbà Nek Chand náà ò tíì bọ́ nínú ewu. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, wọ́n tún fẹ́ gba lára ilẹ̀ rẹ̀, katapílà sì dé lóòótọ́, àwọn ará ìlú ló lọ dúró síwájú ẹ̀. Ní 1996, nígbà tí bàbá náà wà lẹ́yìn odi, ìjọba dá owó tí wọ́n ń ná lórí ọgbà dúró, àwọn jàǹdùkú sì wọlé, wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ ère. Àfọ́kù di àfọ́kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó padà dé, ó tún wọn ṣe. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ẹni 90 ọdún.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, UNESCO kọ àwọn ilé kọnkéré Le Corbusier ní Chandigarh mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Ó sì yẹ wọ́n. Ọgbà àfọ́kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, ò sí nínú ìwé yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, wọ́n wó apá kan lára ògiri ọgbà náà, torí pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà, kí àyè ìgbọ́kọ̀sí sì lè wà fún ilé ẹjọ́ gíga, ọ̀kan lára àwọn ilé tí Le Corbusier yà. Àwọn ará ìlú tún jáde, wọ́n gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn dání, wọ́n dúró ti ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀.